Asín àti Òòṣà Inú Ọ̀gán

Mo fi eyín mélòó kan tó kù sí mi lẹ́nu búra: àlọ́ yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá ju ẹ̀pà sẹ́nu báyìí kò ní tíì jẹ ẹ́ kúnná tí n ó fi dákẹ́. Ẹ ti gbọ́ ìbúra àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó dáadáa.

Ẹran ló ń wu Asín jẹ. Asín ni eku kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó nì, tí òórùn rẹ̀ máa ń dé ilé àlejò kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Bí àwọn ẹranko igbó bá pa ẹran, Kìnnìún ọba á mú itan, Ẹkùn balógun á mú àyà, Ìkookò á mú ìfun, wọ́n á wá pe Asín kó wá lá ewé tí wọ́n tẹ́ ẹran lé. Asín á lá ewé, á dúpẹ́, á lọ fi ebi sùn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń dúpẹ́ lórí ewé, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ó sáré dé ààfin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, òòṣà kan ti sọ̀ sínú òkìtì ọ̀gán tó wà létí odò. Olúọ̀gán ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n bi yín pé ìpín òun dà?"

Kìnnìún ní, "Ìpín wo? Ta ló bí i?"

"Ẹ bi í fúnra yín, baba."

Wọ́n gbéra. Asín ti gbẹ́ ihò kan sẹ́yìn ọ̀gán náà ṣáájú. Ó ní òun ń lọ ṣan ẹsẹ̀ lódò, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì ké láti inú:

"Kìnnìúùn! Ìwọ tí ò ń jẹ itan, ta ló fún ọ ní eyín?"

Inú ọ̀gán dà bí inú ìkòkò: ohùn eku ló wọ ibẹ̀, ohùn àrá ló jáde. Ọba tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ọ̀rọ̀ rí wólẹ̀ gbì. Nígbà tí ọba ti wólẹ̀, ta ló kù tí yóò dúró? Èmi náà ì bá wólẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Bí itan ṣe di ti òòṣà nìyẹn, tí Asín sì di àwòrò. Wọ́n á gbé itan síwájú ihò, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, nítorí a kì í wo òòṣà lẹ́nu bó bá ń jẹun. Wọ́n á wá máa kọ orin tí Asín kọ́ wọn:

Ta ló ń jẹ ẹ́? Olúọ̀gán!
Ta ló ń yó? Olúọ̀gán!
Ta ló ń gbé itọ́ mì? Àwa ni, àwa ni!

Bí wọ́n bá fi máa yíjú padà, eegun ló kù. Ìgbàgbọ́ wọn á tún le sí i.

Àfi Ẹkùn. Ẹkùn fa imú. "Àwòrò, gbogbo òòṣà tí bàbá mi bọ ló ní èèwọ̀. Èyí tí kì í jẹ àdí wà, èyí tí kì í jẹ ìgbín wà. Kí ni èèwọ̀ ti yín? Kí ló sì dé tí ojúbọ rẹ̀ ń rùn bí i yín?"

Asín kò ronú kan èèwọ̀ rí. Òòṣà tirẹ̀ kò ní ohun tí kò lè jẹ. Ó wúkọ́ bí arúgbó.

"Balógun, òórùn gan-an ni èèwọ̀ Olúọ̀gán. Ìdí nìyẹn tó fi di òórùn gbogbo ayé rù mí, kí ara tirẹ̀ lè mọ́. Àbí ẹ rò pé mo gbádùn rẹ̀ ni?"

Omijé bọ́ lójú Ìkookò. "Àṣé nítorí wa lẹ ṣe ń rùn, bàbá!"

Asín rí i pé ọ̀rọ̀ wọlé, ó bá fi èyí tí kò yẹ kún un, kí Ẹkùn lè jìnnà sí ọ̀gán: "Bí ẹ bá gbọ́ òórùn níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mi ò sí nílé, ẹlẹ́gbin kan ló wọlé tọ òòṣà. Ẹ dí gbogbo ihò tí ẹ bá rí, ẹ ṣẹ́ ọ̀kan kù, kí ẹ sun ata síbẹ̀. Ohunkóhun tó bá wí, ẹ má gbà á gbọ́."

Ọdún òòṣà dé. Odindi ẹfọ̀n ni wọ́n pa, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n tì í sínú ihò. Wọ́n kọ orin tán, Asín ṣì ń jẹ. Wọ́n tún un kọ títí ọ̀fun fi gbẹ, Asín ṣì ń jẹ.

Kìnnìún ní, "Àwòrò dà?"

Ohùn kan dáhùn láti inú ọ̀gán, ẹran kún ẹnu rẹ̀: "Mo rán an níṣẹ́ lọ sí òkèèrè. Ẹ máa kọrin!"

Ẹkùn fa imú. "Kábíyèsí, àwòrò ti rìn jìnnà, òórùn rẹ̀ kò bá a lọ."

Ìkookò ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ẹlẹ́gbin!"

Wọ́n dí ihò ẹ̀yìn, wọ́n kó ata gbígbẹ síwájú, wọ́n finá sí i.

"Ẹ dúró! Èmi ni Olúọ̀gán!"

Kìnnìún ń fẹ́ iná. "A mọ̀, baba. Nítorí yín náà la ṣe ń ṣe é. Ẹ fara dà á."

Asín sín, ó sín, ó tún sín. "Èmi kọ́ ni òòṣà! Asín ni mí! Àwòrò yín ni mí!"

Ìkookò káwọ́ lérí. "Ẹ gbọ́ o! Ẹlẹ́gbin yìí tún ń fi orúkọ bàbá wa jẹun! Ẹ fi ata kún un!"

Wọ́n fi kún un.

Nígbà tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, Asín fi orí lu ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán já, ó sá gba inú èéfín lọ. Kò sẹ́ni tó rí i, àfi Kìnnìún. Kìnnìún wo ihò náà. Ó wo ẹran tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ó wá ronú bí ọba ṣe ń ronú.

Nígbà tí ojú Asín tí èéfín ata bà jẹ́ sàn díẹ̀, ó padà wá. Ojú náà kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi rí bíńtín títí dòní. Ó bá ògiri tuntun tí wọ́n mọ yí ọ̀gán ká, Kìnnìún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi èékánná ta eyín.

"Kábíyèsí, mo ti ti òkèèrè dé. Itan òní dà?"

"Káàbọ̀, Asín. Òòṣà bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ó ní òun ò fẹ́ àwòrò mọ́, kí ọba máa gbé oúnjẹ òun wọlé fúnra rẹ̀."

"Irọ́ ni! Òòṣà kan ò..."

Asín gbé ìyókù mì. Bó bá ní kò sí òòṣà, wọ́n á bi í pé ta ló jẹ itan.

Kìnnìún yín eyín sí i, gbogbo rẹ̀ pátá. "Òòṣà kan ò kí ni?"

"Òòṣà kan ò tó Olúọ̀gán, Kábíyèsí."

"O káre. Ó ní kí ìwọ náà máa mú ẹran wá. Lọ tò sẹ́yìn Ìkookò."

Asín wá tata kan mú, ó tò sẹ́yìn, ó kọ ẹ̀yìn sí òòṣà. Nígbà tí orin dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó ń gbé itọ́ mì, ohùn rẹ̀ ló ròkè jù.

Ẹni tó bá fẹ́ dá òòṣà sílẹ̀, kó yáa ní ẹran ìbọ lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ọ̀gán náà ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé tèmi lọ láàárọ̀ yìí.