Okùn Tí A Fẹnu Lọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Ìrókòjì, ẹ̀yin tí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀pà dí ẹnu. Èmi Àwẹ̀ró, ọmọ ọdẹ, tí èmi náà gbé ìbọn léjìká fún ọgbọ̀n ọdún, ni mo ń kí yín. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí èmi nìkan ló ṣẹ́kù nínú wọn: ìyá wa, tó ń ro ọkà lọ́wọ́, Àṣàbí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́gbàmí, pẹ̀lú oyún oṣù méje, Fálóhun, Olúọ́dẹ, olórí gbogbo àwa ọdẹ, Ògúnsínà, ọdẹ tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, àti Tanímọ̀la, ajá ẹ̀gbọ́n mi, tó dá wọ agbo ilé láàárọ̀, láìsí olówó rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí i lọ́rùn.

Olúọ́dẹ wo ajá, ó mi orí. “Bí ọdẹ bá kú sígbó, ajá rẹ̀ á dá wálé. Ajá Ọdẹ́gbàmí ti dá wálé. Ọ̀rọ̀ parí. Lọ́túnla, a ó ṣípà rẹ̀.”

Ìpà ọdẹ kì í ṣe eré. A ó kó apó, fìlà àti ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó gbé e lọ sí oríta igbó, a ó sì sọ fún un pé kò ní ìpín mọ́ láàárín wa. Ẹni tí a bá ti ṣípà rẹ̀, bó bá tilẹ̀ padà wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn.

Mo ní, “Bàbá, ta ló rí òkú?”

Ògúnsínà rẹ́rìn-ín. “Àwẹ̀ró, àfi kí òkú wá kí ọ kú àárọ̀ kí o tó gbà?”

“Ògúnsínà, bí òjò bá rọ̀, àgbàlá á tutù. Lánàá tí àgbàlá yín tutù, ṣé òjò ló rọ̀, àbí ìyàwó rẹ ló da omi ìfọṣọ lé ọ lórí?”

Ìyá wa pàápàá rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ṣùgbọ́n Olúọ́dẹ ní, “Bí o bá mú un dé kí oòrùn ọ̀túnla tó kàn wá lórí, a ó gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbọ̀n á jáde.”

Mo gbéra. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo dé ibi tí igbó ti ṣú dùdù bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí ẹyẹ kankan kò ké. Òòrẹ̀ kan tó ga tó ewúrẹ́ jókòó sídìí àràbà, ó ń to ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó ń ya irun. Ó kí mi, mo kí i.

Ó ní, “Àwọn tí wọ́n fẹnu pa nílé, ibí ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ wà lẹ́yìn àràbà. Ṣọ́ ẹnu rẹ o, nítorí ọ̀rọ̀ ibí, okùn ni.”

Mo yí ẹ̀yìn igi. Háà! Ènìyàn bí eèrà, olúkúlùkù wọn lára igi tirẹ̀, wọ́n fi okùn tí ọwọ́ kankan kò lọ́ dè wọ́n, àwọn okùn náà sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Òun ló jí i, nítorí ó ń wo ilẹ̀.” “Àjẹ́ ni, nítorí ọmọ kú nílé rẹ̀.” Ewédò ti hù láyà àwọn mìíràn, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ti kú, okùn kò dákẹ́.

Mo rí Ọdẹ́gbàmí. Ohùn Olúọ́dẹ wé e ní ìbàdí: “Ajá dá wálé, ó ti kú.” Ohùn Ògúnsínà wé e lẹ́sẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò fọhùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí òkúta odò. Èmi tí mo ń bá àgbà jiyàn nílé, èmi náà ni mo la ẹnu mi, mo ní, “Òkú kì í dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Ó ti kú.”

Nǹkan já bọ́ lẹ́nu mi bí ejò, ó wé mọ́ ọn lọ́rùn. N kò dúró wò ó. Mo kẹ̀yìn, mo ń sunkún lọ.

Òòrẹ̀ ní, “O ti ń lọ?”

“Ó ti kú.”

“Gbogbo ẹni tí kò bá dáhùn ló kú? Odi ńkọ́? Ẹni tó dákú ńkọ́? Ẹni tí okùn fún lọ́rùn ńkọ́?”

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo sáré padà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúdú.

Mo bi okùn ẹsẹ̀ léèrè, “Kí lo rí?”

“Olúọ́dẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo bi ti ìbàdí, ó ní, “Mo rí ajá.”

“Ajá nìkan?”

“Ajá nìkan.” Àwọn méjèèjì gbẹ bí koríko, wọ́n já. Ó ku ti ọrùn. Ohùn èmi fúnra mi ló dá mi lóhùn: “Mo pè é, kò dáhùn.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.” Ó já. Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. Ó ní ìmàdò ló bá ajá òun jà, ẹsẹ̀ òun sì yẹ̀ tí òun fi bọ́ sínú kòtò.

Mo pọ̀n ọ́n wálé. Agbọ̀n ti wà lórí Ògúnsínà ní oríta nígbà tí a yọ. Olúọ́dẹ ló kọ́kọ́ pè é, ó sì jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí i láyé, àpá okùn kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá dé, á fọwọ́ kàn án, á ní, “Àbúrò mi, mo dá ohùn Fálóhun mọ̀, mo dá ti Ògúnsínà mọ̀. Ohùn ta ló wà lọ́rùn mi?” Mo máa ń ní n kò gbọ́. Lórí ẹní ikú ó tún bi mí. Mo ní kó sinmi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìròyìn kò tó àfojúbà. Kí ẹ tó bi ẹnu ẹlòmíràn pé kí ló rí, ẹ kọ́kọ́ bi ẹnu yín. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà; ilé á gbà yín, ọ̀nà kò ní dí mọ́ yín.

Ìbíyẹmí, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ìwọ dúró. Ẹsẹ̀ mi kò lè gun òkè mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, lọ síbi sàréè bàbá rẹ àgbà lóko, kúnlẹ̀, kí o sọ fún un pé ohùn Àwẹ̀ró ni.