Ìjàpá Polówó Ìtẹ́ Ẹ̀gà

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ́!

Àlọ́ mi gbéra pàá, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Ìjàpá ló balẹ̀ sí, àti orí Ẹ̀gà, ẹyẹ tó ń hun ìtẹ́. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó mọ ohun tó wà nídìí ariwo orí ọ̀pẹ.

Nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé igbó, Ẹ̀gà kì í pariwo. Yóò fa imọ̀ ọ̀pẹ ya, yóò hun ìtẹ́, yóò ya fídíò iṣẹ́ rẹ̀, yóò gbé e sórí ayélujára. Ta ló ń wò ó? Ìyá rẹ̀ nìkan.

Ìjàpá ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni kò mọ nǹkan kan ṣe láyé ju kó máa rẹ́rìn-ín sí fóònù lọ. Síbẹ̀, gbogbo ẹranko ló ń tẹ̀ lé e. Bó bá ní wèrèpè ń mú ara dán, wọn á fi para, wọn á tún kí i kú iṣẹ́.

Ó tọ Ẹ̀gà lọ. "Àbúrò mi, iṣẹ́ rẹ dára, àmọ́ ta ló mọ̀? Ìwọ máa ṣe é, kí èmi máa polówó rẹ̀."

"Ṣé ẹ ó dárúkọ mi, ẹ̀gbọ́n?" Ohun tí Ẹ̀gà ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

"Háà! Kí n gbàgbé rẹ kẹ̀?"

Kò gbàgbé lóòótọ́. Gbogbo ibi tí Ẹ̀gà ti yọjú nínú fídíò ló gé dànù, ó fi ojú tirẹ̀ rọ́pò. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi hun rèé! Inú rẹ̀ ni mò ń sùn!" Igbó mì tìtì. Àwọn ẹranko ń fi iṣu ta Ìjàpá lọ́rẹ.

Omi bọ́ lójú Ẹ̀gà. "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi dà?"

"Ṣé orúkọ lèèyàn ń jẹ ni?" Ìjàpá sì ń jẹ iṣu lọ.

Ojúkòkòrò kò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó pe gbogbo ẹranko sídìí ọ̀pẹ kí wọ́n wá fojú rí ìtẹ́, kí wọ́n má sì wá lọ́wọ́ òfo. Ọ̀bọ ní, "Alàgbà, ẹ gòkè, ká wo bí ẹ ṣe ń sùn."

Òógùn bo Ìjàpá. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Kò burú, a ó gbé yín."

Wọ́n fi okùn fà á gòkè, wọ́n gbé e lé ìtẹ́. Kò tíì mí lẹ́ẹ̀kan tí ìtẹ́ fi já. Gbìì! Ìjàpá fa orí wọ inú ìkarahun, fóònù ọgọ́rùn-ún ń ya fídíò rẹ̀.

"Ìtẹ́ burúkú!" Ọ̀bọ kígbe. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn nínú irú rẹ̀ mọ́!"

Ó dun Ẹ̀gà wọra. Ẹyẹ tí kì í pariwo bá figbe ta: "Èmi ni mo hun ún! Ẹyẹ ni mo sì hun ún fún, n kò hun ún fún ahun!" Ó já imọ̀, ó hun òmíràn lójú gbogbo wọn, ariwo "Èmi ni mo hun ún!" ló sì ń pa títí ó fi parí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gà kì í fi hun ìtẹ́ láìpariwo títí dòní. Àlọ́ mi tán, ó ti wọlé lọ jókòó. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí fóònù mi má gba iná mọ́.