Igi Obì Kẹrìnlélógún

Ọkùnrin olóbì kan wà ní ìlú wa níhìn-ín, Oyèdòkun. Ó ní aya méjì, aya kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọ méjì fún un. Igi obì mẹ́tàlélógún ni ó ní. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn.

Bí àkókò kíká obì bá dé, tó bá pín igi fún ìyálé àti ìyàwó ní mọ́kànlá-mọ́kànlá, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Tó bá pín in ní orí-ò-jorí fún àwọn ọmọ, márùn-ún-márùn-ún, mẹ́ta á ṣẹ́ kù. Wọ́n ní kí ìyálé ká èyí tó ṣẹ́ kù lọ́dún kan, kí ìyàwó ká a lọ́dún kejì. Ẹni tí igi ò so dáadáa lọ́dún tirẹ̀ ní wọ́n yan òun jẹ. Nígbà tó yá, ọmọ ìyálé kì í kí ọmọ ìyàwó mọ́. Àyà bàbá náà ń já pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, ilé òun máa dà rú.

Àwọn ẹbí ní kó gé igi kan dànù. Ó rò ó wò: méjìlélógún. Aya méjì á pín in dọ́gba, ọmọ mẹ́rin ò ní lè pín in. Ló bá gbé ọkọ́, ó lọ gbin ọ̀kan sí i.

O mọ ẹnu ayé. Wọ́n fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà. Ìyàwó alára ní, “Olówó orí mi, obì kì í tètè so. Eyín wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́?”

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní eyín.”

Igi náà so lójú rẹ̀. Ìyálé gba méjìlá, ìyàwó gba méjìlá, ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́fà. Kò ku ẹyọ kan tí wọ́n máa jà lé lórí. Ìyálé mú obì àkọ́so, obì abàtà aláwẹ́ mẹ́rin, ó ya á, ó fún ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ orogún rẹ̀ ní awẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Orogún rẹ̀ ní, “Ìyálé mi, tiyín dà?”

Ó ní, “Ẹ̀rín ti kún ẹnu mi, àyè obì ò sí níbẹ̀.”

Inú bàbá náà dùn débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí nídìí igi.

Iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ràn irú nọ́ńbà yẹn gan-an. Kọ 24 sílẹ̀. 2 àti 4 ló wà nínú rẹ̀. 2 pín in, kò ṣẹ́ kù. 4 pín in, kò ṣẹ́ kù. 36 rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 3 àti 6 inú rẹ̀, 48 rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 4 àti 8, o ò sì lè kà wọ́n tán. Ṣùgbọ́n wo 23: 2 àti 3 inú rẹ̀ gan-an ò rí i pín dọ́gba. Ilé ẹlòmíràn rí bẹ́ẹ̀, ó tóbi lójú ará ìta, kò kárí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Ìwọ ni wọ́n fi jẹ olórí ẹbí lánàá. Láàárọ̀ yìí o sọ fún mi pé wàá ta ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹbí yín pín ogún, kí ìjà lè parí. Má tà á. Wá ohun tí wàá fi kún un, kó lè kárí. Bí wọ́n bá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, bá wọn rẹ́rìn-ín. Obì tí o jẹ lánàá níbi ìwúyè rẹ, orí igi kẹrìnlélógún yẹn ni wọ́n ti ká a. Ọmọ ìyálé àti ọmọ ìyàwó ló jọ gbé agbọ̀n rẹ̀ wá.