Ẹsẹ̀ Ọdẹ́kúnlé àti Igbó Ọlọ́wọ́púpọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń wúkọ́ wúkọ́ rẹ̀ tán, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké fún un lọ́mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi Ògúnyanjú tí ẹ̀ ń wò yìí, tí irun orí mi ti funfun bí òwú inú oko, mo ti wọ igbó tí ẹyẹ ibẹ̀ ń fi ohùn ènìyàn sunkún, mo sì ti bu omi mu nínú odò tó ń ṣàn gun òkè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, kò sí èyí tó mú mi ronú bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọdẹ́kúnlé, àbúrò mi nídìí iṣẹ́ ọdẹ.

Ọdẹ́kúnlé ga, ó taagun, kò sì sí ẹni tó lè rìn bíi tirẹ̀ ní Òkè-Àparò, ìlú wa. Bí àwa yòókù bá jókòó sinmi nísàlẹ̀ òkè, òun a ti gun òkè náà, a ti sọ̀ ọ́, a sì padà wá bá wa kí ó máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ènìyàn dáadáa ni o, kò jalè, kò purọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé bí òun ṣe jáde láti inú ìyá òun ni òun ti ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan fún yín kí ẹ má baà sọnù. Ní ìlú tiwa, ọdẹ kì í ki ẹran kí ó tó ki ọwọ́. Bí ẹran ńlá bá ṣubú, ọdẹ á fi ìbọn rẹ̀ lélẹ̀, á nàró, á sì dárúkọ àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ẹran náà: ẹni tó rọ ìbọn, ẹni tó hun aṣọ, ẹni tó se oúnjẹ tó gbé e dé ibẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni yóò tó wí pé òun náà wà níbẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn, wọ́n sì fi àṣà yìí sílẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè máa rántí ẹ̀yìn tó gbé e.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, èmi àti rẹ̀ wọ Igbó Ọlọ́wọ́púpọ̀. Ara igi ibẹ̀ gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe, ewé wọn a sì máa pàtẹ́wọ́ láìsí afẹ́fẹ́. Ọ̀sán gangan ni ẹfọ̀n kan yọ sí wa, akọ ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ bí apá oníjàkadì. Ọdẹ́kúnlé yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ẹfọ̀n sì wó lulẹ̀ bí ilé àtijọ́.

Mo ní, "O káre. Ó yá, ki ọwọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ta? Àwa méjì náà la wà níbí. Alágbẹ̀dẹ ń sùn nílé rẹ̀, ìyàwó mi ń bá ewúrẹ́ jà nílé mi. Ta ni yóò gbọ́?"

"Igbó ń gbọ́."

"Kí igbó ó gbọ́ tèmi nígbà náà." Ó gun orí ẹfọ̀n náà, ó ń fọwọ́ lu àyà. "Èmi nìkan ni mo pa ọ́! Èmi nìkan ni mo fi ẹsẹ̀ mi rìn dé ibí! Èmi nìkan!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ewé igbó fi dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró. Ẹ̀dá kan jáde láti ara igi àràbà. Kò ga ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló bò ó láti òkè délẹ̀ bí ìyẹ́ ṣe ń bo ẹyẹ. Ọwọ́ tí aró ti sọ di dúdú wà níbẹ̀, ọwọ́ tí iná ti jó wà níbẹ̀, ọwọ́ tó ní òórùn ata, ọwọ́ tí ọkọ́ ti sọ di líle bí ẹ̀yìn ìjàpá, àti ọwọ́ arúgbó tó ń gbọ̀n. Gbogbo wọn ló sì ń ṣiṣẹ́: òmíràn ń rànwú, òmíràn ń po amọ̀, òmíràn ń fẹ́ iná tí a kò rí.

"Ẹ káàsán o," ni ó wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń jẹ́ Èmi-nìkan?"

Ọdẹ́kúnlé ò mọ̀ pé ó yẹ kí a bẹ̀rù. "Èmi ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni Ọlọ́wọ́púpọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá Èmi-nìkan, n kò sì rí i rí. Jẹ́ kí n gba ohun tí kì í ṣe tìrẹ kúrò lára rẹ, kí n lè rí ọ dáadáa."

Ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ náà kan ìbọn, ìbọn sì di òkìtì irin lásán. Òmíràn kan aṣọ ọdẹ ara rẹ̀, aṣọ tú di òwú, òwú náà sì fò lọ. Bí Ọdẹ́kúnlé ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìhòòhò ni òmíràn kàn án níkùn, ebi sì mú un bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Níkẹyìn ọwọ́ kan tó rẹ̀wẹ̀sì kàn án lórúnkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ bí ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló, ó sì yí bọ́ láti orí ẹfọ̀n bí àpò òfìfo.

Ọlọ́wọ́púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Háà. Èmi-nìkan rèé. Ó mà kéré o!"

Èmi dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ó ní bí a bá lè dárúkọ àwọn tó ni nǹkan wọ̀nyí, òun yóò dá wọn padà.

"Ta ló ni ìbọn?"

"Alágbẹ̀dẹ," ni Ọdẹ́kúnlé dáhùn.

"Mi ò béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo ní kí o pè."

Ó wò mí. Mo ní, "Ṣówándé ni, èyí tí èéfín ẹwìrì ti sọ ojú rẹ̀ di pupa." Ìbọn padà. Èmi náà ni mo dárúkọ Ìbídùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nídìí òfì, aṣọ sì padà. Nígbà tó kan oúnjẹ, Ọdẹ́kúnlé fúnra rẹ̀ ló ké pé, "Mopélọ́lá, ìyàwó mi! Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti sun iṣu fún mi, mi ò tilẹ̀ kí i kí n tó jáde!" Ikùn rẹ̀ kún.

"Ta ló ni ẹsẹ̀?"

"Ìyá mi ni!"

Gbogbo ọwọ́ náà ló ń mì bí ìgbà tí a bá ń sọ pé rárá. "Ìyá rẹ bí ọ, ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn títí ó fi kú. Kò rí ọjọ́ tí o rìn. Ta ló ni ẹsẹ̀?"

Ọdẹ́kúnlé ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀.

"Ẹ lọ wá orúkọ náà rí. Níbikíbi tí ẹ bá ti pè é, a ó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹran yìí bá jẹrà kí ẹ tó pè é, ẹsẹ̀ di tiwa. A lọ́wọ́ púpọ̀ níbí, ẹsẹ̀ ló wọ́n lọ́dọ̀ wa."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni mo lè ṣe? Mo fi aṣọ mi gbé e pọ̀n. Àgbà ọdẹ pọn ọdẹ, ìbọn méjì lọ́wọ́ mi, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ń gún mi lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ bí ìrù. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn láti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó gbé àgbàlagbà pọ̀n gun òkè kan ṣoṣo kí ó tó tún sọ̀rọ̀.

Lójú ọ̀nà, iwin kan tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ń ta pọ́nún tẹ̀lé wa, ó ń pariwo pé, "Ẹ wá wo ọmọ tuntun onírùngbọ̀n! Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu! Ṣé ó ti hu eyín?" Nígbà tó rí i pé mi ò dáhùn, ó sún mọ́ mi. "Bàbá, sọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwọ bá kú sọ́nà, òun náà yóò kú. Bí o bá sọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìwọ nìkan á délé."

Mo gbọ́ ohùn Ọdẹ́kúnlé lẹ́yìn mi, ohùn kékeré tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ló sọ. Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Egungun ẹ̀yìn yín ń dún."

"Pa ẹnu rẹ dé," ni mo wí. "Ọmọ tó wà lẹ́yìn kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan tútù kan ń kán sí mi lọ́rùn, mi ò sì bojú wẹ̀yìn kí ojú má baà tì í.

Nígbà tí a délé, àwọn ẹbí péjọ. Bí ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń du ẹsẹ̀ náà! Adéoṣù, àbúrò bàbá rẹ̀, ní, "Èmi ni! Èmi ni mo ra bàtà àkọ́kọ́ fún un. Ẹ pe orúkọ mi!" A pè é, ọmọ ìka kan ò mira. Ìyàwó Adéoṣù náà ní òun ló fi ìrèké tàn án kó tó rìn. A pè é, kò mira. Nígbà tí a ń jiyàn lọ, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Òórùn ẹran tó fẹ́ bàjẹ́ ni, láti ara ẹsẹ̀ Ọdẹ́kúnlé ló sì ti ń jáde. Eṣinṣin bà lé e lórúnkún. Mopélọ́lá ń fi aṣọ lé wọn, ó ń sunkún láì dún.

Òórùn náà ló mú Ìyá Ẹ̀yìnkùlé jáde. Arúgbó kan ni, opó, tó ń gbé yàrá tó wà lẹ́yìn agbo ilé wọn, tó máa ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní àràárọ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó mi orí.

"Ó tún ti dé," ni ó wí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó wọlé lọ, ó gbé omi gbígbóná àti òrí jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọdẹ náà lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n ra á láti orúnkún dé gìgísẹ̀, níbi tó yẹ gan-an.

Mo ní, "Ìyá, ta ló kọ́ yín ní ibi tí ẹ ó tẹ̀?"

"Ta lẹ rò pé ó tẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré, òun ń fi ìdí wọ́. Bàbá rẹ̀ wà lóko, ìyá rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ìgbà tí mo bá gbá ilẹ̀ tán ni mo máa ń gbé e."

Adéoṣù bínú. "Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún wa?"

"Kí n sọ kí ni? Ọmọ ti ń rìn, iṣẹ́ parí."

Ọdẹ́kúnlé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ṣé o, Ìyá Ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ṣé." Ẹsẹ̀ ò mira. Eṣinṣin tún pọ̀ sí i. A wo ara wa. Kò sí ẹnì kan nínú agbo ilé náà tó mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ la fi ń pè é ní Ìyá, ọ̀wọ̀ náà la sì fi bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyá," ni Ọdẹ́kúnlé wí, "kí ni orúkọ yín?"

Ọwọ́ arúgbó náà dúró. Ó ronú bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí àtijọ́. "Àwẹ̀ró. Ọkọ mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn."

"Ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ," ni Ọdẹ́kúnlé wí.

"Èmi ló rán ọ. Pè é."

Ó gbé ojú sókè síhà igbó, ó ké e bí ọdẹ ṣe ń ké pe ọdẹ: "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ló ni ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn! Àwẹ̀ró!" Eṣinṣin gbéra lọ. Ẹ̀jẹ̀ sáré wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dìde dúró, ó ga ju gbogbo wa lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ohun tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ náà ṣe ni pé ó kúnlẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú arúgbó náà.

"Dìde jàre," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "O ń fi òrí mi nu ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ga nínú yín, ẹnì kan ló dúró tì í nígbà tó ń fì. Tíṣà tí ẹ̀ ń kí lọ́nà, ẹnì kan ló ń fọ aṣọ rẹ̀ nígbà tó ń kàwé. Oníṣòwò tó là, ẹnì kan ló ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí òun tó jí. Irú wọn kì í sọ, nítorí wọ́n rò pé bí iṣẹ́ bá ti parí, ọ̀rọ̀ náà parí. Àwa tí a jèrè rẹ̀ ni kí a máa sọ ọ́, kí a má sì dúró di ìgbà tí òórùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Mo ti sọ tèmi. Kí ẹsẹ̀ tó gbé yín wá gbé yín délé. Bí ẹ bá sì délé, ẹ kọ́kọ́ yà sí ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó wọlé.