Bí Ọ̀yà Ṣe Wọn Oúnjẹ Ẹ̀ẹ̀rùn fún Àwọn Màlúù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó fẹ̀yìn ti àká koríko. Àwọn tó wà níbẹ̀ rèé: Màlúù Àgbà, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, ọmọ rẹ̀ tó ṣì ń mu ọmú, àti Ọ̀yà, aládùúgbò wọn.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, koríko àká kò tó, ọmú Màlúù Àgbà gbẹ, ọmọ tó bí nígbà náà kú. Ó ní èyí kò ní kú. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀yà.

"Ọ̀yà, ìwọ lo mọ koríko. Èyí tó máa tó wa dé òjò, báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá, kékeré nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n."

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, òfin ẹranko ni pé koríko tí ẹnikẹ́ni kò bá gé kí òjò tó lọ, ti Ọ̀yà ni. Ọ̀yà dúró di ìrọ̀lẹ́. Àwọn màlúù ti jẹko láti àárọ̀, ikùn wọn rí rogodo. Ìgbà náà ló gbé ìdì koríko kan wá. Màlúù Àgbà jẹ ààbọ̀ rẹ̀, ó gùnfẹ̀, ó yíjú kúrò.

"Ẹ ò rí i? Ààbọ̀ ìdì ló tó ẹnì kọ̀ọ̀kan yín lóòjọ́!"

Wọ́n gé ìwọ̀n yẹn sínú àká. Àbúrò kan ní kí àwọn fi díẹ̀ kún un. Ọ̀yà bú sórin. Ẹ gbè é o:

Màlúù, ẹ gbé dòjé sílẹ̀,
*Jọ̀ńkọ́lọ́ jọ̀ńkọ́!*
Àká yín kún dẹ́nu,
*Jọ̀ńkọ́lọ́ jọ̀ńkọ́!*
Ẹ̀ẹ̀rùn ò ju ìmí ẹ̀ẹ̀kan,
*Jọ̀ńkọ́lọ́ jọ̀ńkọ́!*

Ọyẹ́ dé. Pápá gbẹ, àká nìkan ló kù fún àwọn màlúù. Kò pẹ́, àká ṣófo. Ọmọ ń fa ọmú, kò rí nǹkan kan fà. Màlúù Àgbà tọ Ọ̀yà lọ.

"Ọ̀yà, ààbọ̀ ìdì lo wí."

"Ìyá, ṣé ikùn tèmi ni mo fi wọ̀n ọ́n? Ikùn yín mà ni!"

"Fún mi nínú koríko tí a kò gé yìí, nítorí ọmọ."

"Ilé mi nìyẹn. Ṣé wọ́n ń jẹ ilé onílé ni?"

Màlúù Àgbà padà lọ dùbúlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọdẹ tiná bọ koríko Ọ̀yà. Ó ga, ó gbẹ, ó jó ràì. Ọ̀yà sá jáde sórí ilẹ̀ gbalasa, ajá ọdẹ gbá a nírù mú. Ìrù já sí ajá lẹ́nu. Ọ̀yà bẹ́ sínú esùsú etí odò.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀mùnú koríko yọ nínú eérú. Màlúù Àgbà jẹ ẹ́. Wàrà sọ̀ sí ọmú rẹ̀, ọmọ mu, ọmọ dìde.

Ìdí nìyẹn tí ìrù ọ̀yà fi ń tètè já, tó sì fi ń gbé etí odò. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí itọ́ gbẹ mí lẹ́nu.

Adùnọlá ọmọ mi, bí o bá máa wọn oúnjẹ àwọn ewúrẹ́ wa, òwúrọ̀ ni kí o wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó jáde.