Àna Tí Ìwọ̀ Gbé

"Ká tó ju ìwọ̀ síwájú, ká bojú wẹ̀yìn." Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, àbí? Ṣùgbọ́n ta ni kò wẹ̀yìn, tí ọ̀rọ̀ náà fi di òwe? Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní Ugbórẹ, ìlú apẹja létí òkun, bàbá kì í fi ọmọ fọ́kọ àfi bí ọkùnrin náà bá gbé bàbá ọmọ lọ sójú òkun, tó sì fa ẹja sókè lójú rẹ̀. Ohun tó bá fà ni ìyàwó yóò sè. Bí kò bá rí ẹja fà, kó wábi gbà.

Mafimisẹ̀bí fẹ́ràn Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ Ogúnfẹyìmi, débi pé oorun ń sá fún un. Àràárọ̀ ló ń dúró lórí yanrìn, tó so ìyẹ́ lékèélékèé mọ́ ìwọ̀, tó ń jù ú sí igbá tó léfòó. Ìyẹ́ náà a bà lé igbá jẹ́jẹ́ bí eṣinṣin. Kì í tàsé. Ló bá ń yan káàkiri ìlú. Kò rántí pé lórí yanrìn, atẹ́gùn nìkan ló ń dúró lẹ́yìn òun.

Ọjọ́ pé. Ó dúró níwájú ọkọ̀, àna rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Ẹja ńlá kan ta lójú omi. Mafimisẹ̀bí fì ọ̀pá ìwọ̀ sẹ́yìn, ó fì í síwájú. Fìlà bàbá ló fò kọjá, ó bọ́ sómi.

"Ṣé fìlà mi lo fi ń dẹ ẹja ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn yẹn mà mọ orí tí yóò ṣí o!"

Ojú ọmọkùnrin yìí ti rọ̀ mọ́ ẹja. Ó tún fì í tagbáratagbára. Ìwọ̀ há sí bùbá Ogúnfẹyìmi. Ọkọ̀ fì, bàbá ré sókun gbàmù, Mafimisẹ̀bí náà dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀. Bó ti gbójú sókè, ó rí i tí okùn le tantan, tí ohun ńlá ń jà nísàlẹ̀.

"Ó ti gbé e! Bàbá, ẹ bá mi fà á, ẹja yìí wúwo o!"

Ó fà á, ó làágùn, títí orí àna rẹ̀ fi yọ létí ọkọ̀, tó ń tu omi iyọ̀ lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ọmọ mi lo ní o fẹ́, èmi lo wá ń fà!"

Wọ́n gúnlẹ̀ láìsí ẹja. Ojú Ogúnfẹyìmi le koko. Mafimisẹ̀bí dọ̀bálẹ̀, ó gbà pé ìyàwó ti bọ́. Mọrẹ́nikẹ́ rí ìwọ̀ tó ṣì há sí bùbá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ohun tó bá fà sókè ni àṣà ní kí n sè. Ṣé kí n gbé omi kaná?"

Èbúté hó fún ẹ̀rín. Bàbá fẹ́ lejú sí i, ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Kó tún wá. Ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ná, èmi ni n óò máa ju ìwọ̀, òun ni yóò máa jókòó sẹ́yìn."

Ibẹ̀ ni Mafimisẹ̀bí ti kọ́ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìwọ̀ má bàa gbéni. Nígbà tí àyè tún kàn án, ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn dáadáa: àna rẹ̀ ti nà gbalaja sílẹ̀ ọkọ̀, ó di orí mú. Ó ju ìwọ̀, ẹja gbé e, Mọrẹ́nikẹ́ sì sè é.

Ìdí nìyẹn, bí ẹnìkan bá ń lépa oyè tàbí ọrọ̀, tí kò bìkítà fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń bá a tukọ̀, tí àwọn àgbà fi ń sọ fún un pé: "Ká tó ju ìwọ̀ síwájú, ká bojú wẹ̀yìn."