Ìyá Tó Gbé Iyán Dé Odi

"Ẹni tó jẹ oúnjẹ odi ni yóò dáhùn ìbéèrè odi." Gbogbo wa la mọ òwe yìí í pa. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè ọ̀hún? Ìyá kan ni, inú sì ń bí i gan-an.

Nígbà tí Ìgbódò àti Ẹ̀runlé ń jagun, ọba ìlú Àrọ́pẹ̀ rán ogójì ẹ̀ṣọ́ lọ sí abúlé tó wà láàárín wọn, kí ogun má baà kan àwọn àgbẹ̀. Ará abúlé mọ odi fún wọn. Lójoojúmọ́ ni ilé kan ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Kí wọ́n tó bu òkèlè, Akínṣẹ̀yẹ, olórí wọn, á sọ fún ẹni tó gbé e wá pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, a wà níbí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni abúlé fi ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ogun Ìgbódò ya wọ oko òwú, wọ́n kó ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wò wọ́n láti orí odi. Ẹnì kankan kò sọ̀ kalẹ̀! Ayọ̀ka, ọmọ kan ṣoṣo tí Fóyèkẹ́ bí, wà nínú wọn. Ilé Fóyèkẹ́ ni oúnjẹ ọjọ́ náà sì kàn.

Ó gbé iyán rẹ̀ dé odi.

"Ẹ má bínú, ìyá Ayọ̀ka," ni Akínṣẹ̀yẹ wí. "Ọba ní a kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

"Òwú ni ọmọ mi ń ká. Ẹ̀yìn ta lẹ ó gbè sí bí ẹ bá gbà á sílẹ̀? Ó dáa, ẹ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ, kí n gbọ́."

Akínṣẹ̀yẹ fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò nínú abọ́. Iyán tutù síbẹ̀. Fóyèkẹ́ forí lé Àrọ́pẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò mumi lọ́nà.

Ó gbé ìbéèrè tó bi wọ́n ní odi dé ọ̀dọ̀ ọba, ọba sì ránṣẹ́ pe Akínṣẹ̀yẹ. Níwájú ọba, Akínṣẹ̀yẹ ní, "Kábíyèsí, àṣẹ yín ni mo tẹ̀ lé."

Ọba dá a lóhùn pé, "Èmi ni mo pàṣẹ, n ó dáhùn tèmi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo jẹ oúnjẹ odi, ìwọ ni yóò dáhùn ìbéèrè odi." Ó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ wá àwọn ọmọ náà bọ̀.

Akínṣẹ̀yẹ mú méjì bọ̀. Ayọ̀ka kò sí níbẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nítorí náà, bí ẹni tí a fi ṣọ́ ènìyàn bá rí ewu, tó káwọ́ gbera, tó wá ń ní wọn kò rán òun níṣẹ́ ìyẹn, òwe yìí ni àgbà ń pa fún un. Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pa á.